Ẹ Má Gé Èémí Mi

                                        Ojúlé Kẹtàlá, Òkè Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ooru áyọ́ọ̀nù, ẹ sì kú àmúmọ́ra àwọn oníbàárà tó máa ń kó aṣọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ gbà á lọ́la. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ó ti ń tẹ̀ dáadáa, àbí ẹ ṣì ń fi ẹ̀gbẹ́ gun àtẹ̀gùn bí akàn? Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ń bà mí lẹ́rù ni. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Àkọ́bí yín tó ní òun ò ní í fọ aṣọ ẹlòmíì láyé òun, ṣé ó ti rí iṣẹ́ tó wù ú? Àbíkẹ́yìn yín tó máa ń sùn sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ ńkọ́? Mo béèrè gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àǹtí òun ti gbàgbé òun.

Ní tèmi, ara mi le koko. Mò ń jẹun, mò ń sùn, èmi àti ìyá onílé sì ń bá àríyànjiyàn wa lọ bó ṣe yẹ. Ohùn mi nìkan ni ẹ ò ní í dá mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kí ẹni tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ ilé wa láti ẹ̀yìn, kò wẹ̀yìn tó fi ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Mo gba "sà" náà, mo gba búrẹ́dì mi, mo bá tèmi lọ.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo kà á lórí àtẹ̀gùn, mo tún un kà nínú ilé, mo tún un kà nígbà tí tíì mi ń tutù. Ẹ ní kí n fọwọ́ sí ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin mi jáde gbé wá. Ẹ ní ohùn tó bá lọ ti lọ, orúkọ tó kù ni kí n tọ́jú, pé tí ọmọbìnrin yẹn bá bá mi kọ orin inú àwo náà, tí orúkọ tèmi sì wà lára àwo, kí ló burú níbẹ̀? Ẹ ní ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọmọ ọdún mẹ́jọ lẹ ti ń tọ́ mi. Mi ò gbó yín lẹ́nu rí, àfi ti bàtà aláwọ̀ ewé yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ forí jì mí, mi ò gbà. Mi ò fọwọ́ sí i, mi ò sì ní í fọwọ́ sí i. Mo ti fi ohùn tó kù lọ́rùn mi kọ orin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fúnra mi, mo ti parí ẹ̀. Ẹ padà jókòó kí n tó máa sọ ọ́, tórí mo mọ̀ pé ẹ ti dìde.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ mọ̀. Àwo méjì ni èmi àti ilé-iṣẹ́ náà jọ kọ sínú ìwé àdéhùn. Àkọ́kọ́ jáde, ayé gbọ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ̀wé sí mi pé wọ́n ń kọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń dúró de mọ́tò, pé ọkùnrin kan ń fi orin náà súfèé kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì kù díẹ̀ kẹ́ ẹ sáré tẹ̀ lé e lọ sọ fún un pé àbúrò yín ló ni ín. Ohùn mi mọ́ gaara nígbà náà. Àfi bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìkejì, orin kẹta la wà tí ohùn mi há. Mo rò pé òtútù ni. Mo mu omi gbígbóná títí ó fi sú mi, ó kọ̀, kò lọ. Ìgbà tí dókítà fi iná wo ọ̀fun mi, ó ní ẹran kékeré kan ti hù síbẹ̀, àfi kí òun gé e.

Ó gé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mi ò fi gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, èmi Aláriwo! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ mí lórúkọ yẹn, ẹ rò ó wò. Inú ìwé ni mo ti ń bá ìyá onílé jà. Ìyá onílé ò mọ̀wé kà, ọkọ ẹ̀ ló ń kà á sókè fún un, ó sì ń fo gbogbo ibi tó gbóná kí ìjà má baà kan òun náà. Mo máa kọ ojú ewé méjì tó kún fún ìbínú, bàbá yẹn á wò ó, á húkọ́, á ní, "Ó ní ẹ kú ọ̀sán."

Nígbà tí wọ́n ní kí n lanu, nǹkan tó jáde kì í ṣe ohun tí mo mọ̀. Ó wálẹ̀, ó há, ó ń ha bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Dókítà ní, "Ohùn kan wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó o gbé wá." Ó ní kí n máa fi wákàtí kan kọrin láàárọ̀, láàárọ̀ nìkan, kí n fi parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà kí n fi orin sílẹ̀ pátápátá, tí mi ò bá fẹ́ kí ti ọ̀rọ̀ sísọ náà bá a lọ. Ẹ rí i pé kì í ṣe pé wọ́n lé mi, kì í sì í ṣe pé orin sú mi. Àwo kan ṣoṣo ló kù nínú ọ̀fun mi. Ìdí tọ́rọ̀ náà fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ò tíì dé yàrá tí a ti ń kọrin rí. Kékeré ni. Fóòmù dúdú ni wọ́n fi bo ògiri ẹ̀ yípo, kápẹ́ẹ̀tì nípọn nílẹ̀ kí bàtà má baà dún, ojú fèrèsé gíláàsì ńlá kan sì wà tí ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ń wo olórin láti òdìkejì. Etí-Ológbò là ń pe ọkùnrin yẹn. Ó ti pé ogún ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, tí èèrà bá fi ẹsẹ̀ kọ lórí kápẹ́ẹ̀tì, á ní ká dúró ká tún un gbà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ padà síbẹ̀, mo kọ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ṣe tán, mo wojú wọn lẹ́yìn gíláàsì. Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín sí mi, irú ẹ̀rín téèyàn máa ń rín sí aláìsàn, ó ní kí n lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan.

Wàyí o, nǹkan kan wà tí mi ò kọ sínú lẹ́tà tí mo fi béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ yín. Ojú ló tì mí. Mo kàn sọ fún yín pé wọ́n fẹ́ kí ọmọbìnrin kan kọ ọ́ lórúkọ mi. Mi ò sọ bí wọ́n ṣe jẹ́ kí n mọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, Ọ̀gá Àgbà ní kí n wá gbọ́ nǹkan. Wọ́n fi orin kan sí i. Mo gbọ́ ohùn mi tó ń jáde, ó mọ́ gaara bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ohùn tí mo fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Etí-Ológbò fi ẹ̀rọ tún ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi, mo bú sẹ́kún. Mo fò mọ́ ọkùnrin náà lọ́rùn, mo ní, "Ohùn mi ti padà! Ẹ wò ó, ohùn mi ti padà!" Etí-Ológbò ò wo ojú mi. Bàtà ẹ̀ ló ń wò. Ọ̀gá Àgbà wá rọra sọ ọ́ fún mi pé kì í ṣe èmi. Ọmọbìnrin kan tó ń kọrin ní hòtẹ́ẹ̀lì ni, Odídẹrẹ́ lorúkọ tí wọ́n ń pè é, kò sí olórin tí kò lè sín jẹ. Ó ní, "Ìwọ tó o ni ohùn, o ò dá a mọ̀. Ta ló fẹ́ dá a mọ̀?" Ó sì ti ìwé kan sí iwájú mi.

Ilẹ̀ ò lanu, ìbá gbé mi mì. Ohùn ẹlòmíì ni mo ń sunkún ayọ̀ lé lórí, lójú gbogbo wọn! Ìtìjú yẹn ló kọ lẹ́tà tí ẹ gbà, kì í ṣe èmi. Ìyẹn lẹ fi dá mi lóhùn bí ẹ ṣe dá mi lóhùn. Mi ò bá yín wí rárá.

Mo tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé lẹ́tà yín, mo wẹ̀, mo múra, mo fi bíìrò sínú báàgì, mo gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ láti lọ fọwọ́ sí i. Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀. Odídẹrẹ́ wà lẹ́yìn gíláàsì, orin kẹrin ló ń kọ, èyí tí ìlà ẹ̀ gùn bí okùn tí ẹ fi ń sá aṣọ. Mo jókòó ti Etí-Ológbò. Mo rí i tí ojú ọmọ náà ń pọ́n, tí iṣan ọrùn ẹ̀ yọ. Kó tó parí ìlà kẹrin, ó di igi tí wọ́n gbé máìkì lé mú, ó rọra jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀, orí ẹ̀ sì wó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

A sáré wọlé. Mo tú bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀, Etí-Ológbò bu omi wá. Ó ní ìgbà kẹta nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọmọ yẹn ò ju ọdún méjìlélógún lọ, ẹ̀gbọ́n mi, ojú ẹ̀ ń yí bíi tẹni tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ó rí mi, ó fẹ́ dìde kúnlẹ̀, mo ní kó jókòó jàre. Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Níbo lẹ ti ń mí?"

Ọ̀rọ̀ náà ò kọ́kọ́ yé mi. Ó wá ṣàlàyé pé ọdún méjì lòun ti fi àwo àkọ́kọ́ mi kọ́ orin, tí òun ń fi etí lé ẹ̀rọ ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, òun ò gbọ́ ibì kankan tí mo ti mí rí. Ó ní òun rò pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, pé èémí kan ṣoṣo ni mo fi ń kọ ìlà kìíní dé ìkẹrin. Òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Láràárọ̀, ó ń ki ojú bọ inú bàsíà omi, ó ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta nínú ara ẹ̀. Ó ti dé méjìdínlọ́gọ́ta.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, tí ohùn mi tó há ń dún gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ewúrẹ́. Odídẹrẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo yíjú sí Etí-Ológbò, mo rí i pé bàtà ẹ̀ ló tún ń wò. Ẹ̀rín náà dá wáí lẹ́nu mi. Mo ní, "Bùọ̀dá, èémí mi dà?"

Ó gé e ni. Ó jẹ́wọ́. Ó ní Ọ̀gá Àgbà ló ní kí òun yọ gbogbo ẹ̀ kúrò lára àwo àkọ́kọ́, pé ó ń dún bíi tẹni tó ru ẹrù gun òkè. Òun fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko jókòó sídìí ẹ̀rọ, òun ń gé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ju irínwó lọ. Ọdún méjì, ẹ̀gbọ́n mi! Gbogbo ìlú ń jó sí i, Etí-Ológbò mọ̀, Ọ̀gá Àgbà mọ̀, èmi tí mo ni imú ni mi ò mọ̀. Mo ti gbọ́ àwo yẹn bí ìgbà ọgọ́rùn-ún, mi ò mọ̀ pé mi ò sí nínú ẹ̀ tán.

Odídẹrẹ́ ṣì ń wojú mi, ó ń dúró de èsì. Mo wá sọ fún un pé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi. Mo sọ ti yàrá ẹ̀yìn yẹn fún un, bí ẹ ṣe máa ń lọ aṣọ àwọn èèyàn, tí ẹ á sì máa kọrin sí i, tí èmi á di ẹ̀gbẹ́ kejì aṣọ ibùsùn mú kó má baà wọ́lẹ̀, tí mo ń gberin. Mo ní tí ẹ bá ti áyọ́ọ̀nù síwájú, orin ń lọ. Tí ẹ bá gbé e sókè láti yí aṣọ padà, a jọ máa mí. Kì í ṣe ìparí ìlà ni aṣọ ń parí, nítorí náà kì í ṣe ìparí ìlà ni mo ti ń mí. Ẹ ò mọ̀ pé ẹ kọ́ mi o. Mo ká tówẹ̀lì kan, mo tẹ́ ìwé orin sílẹ̀, mo ń fi tówẹ̀lì náà lọ ìwé bíi áyọ́ọ̀nù, mo sì ń kọ orin kẹrin pẹ̀lú ohùn mi tó há. Síwájú, síwájú, gbé e sókè, mí. Odídẹrẹ́ gba tówẹ̀lì lọ́wọ́ mi, ó ṣe é, ó kọ ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì ṣubú.

Inú ẹ̀ dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀ yí padà, ó ní òun ò kọ ọ́ mọ́. Ó ní, "Ọdún méjì ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹni tí kì í mí. Ó tó." Ó mú báàgì ẹ̀. Mo ní kó máà lọ, kó jókòó níbẹ̀, mò ń bọ̀.

Mo gun òkè lọ bá Ọ̀gá Àgbà. Ẹ mọ̀ mí, tí mo bá bínú èmi kì í pariwo, ọwọ́ mi ló máa ń tutù. Mo gbé ìwé tó ní kí n fọwọ́ sí lé orí tábìlì ẹ̀, mo fi bíìrò lé e, mo ní mi ò fẹ́ méjèèjì, kódà kó mú bíìrò náà. Ó rò pé mò ń ṣeré. Ó ní kí n fara balẹ̀, àwọn èèyàn nífẹ̀ẹ́ ohùn kan, ohùn yẹn ni wọ́n ń retí, ṣé mo fẹ́ já wọn kulẹ̀ ni? Mo ní, "Ọ̀gá, ohùn yẹn ti kú. Èmi ò tíì kú." Ó ní ta ló máa ra àwo tó ń dún bí ìlẹ̀kùn? Mo ní ẹni tó bá nílẹ̀kùn nílé.

Ìgbà tó rí i pé mi ò mì, ó ní òun ò ní í gbé e jáde nìyẹn. Ibẹ̀ ni ẹ ti gbà mí, ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ ò sì mọ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí mo fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àkọ́kọ́, ẹ ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mẹta, pé bí èèyàn ṣe ń yẹ àpò aṣọ wò kó tó fọ̀ ọ́ ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta lóòótọ́. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí Ọ̀gá Àgbà fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n fi kún un, tórí nígbà náà ó ń bẹ̀rù pé tí mo bá lókìkí tán, mo lè máa rán ẹlòmíì wá kọrin fún mi. Wọ́n kọ ọ́ pé orin mẹ́wàá ni àwo kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ohùn olórin fúnra ẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, pé bí mo bá ti gbé e kalẹ̀, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé e jáde. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ohùn náà gbọ́dọ̀ dùn. Mo kà á sí i létí láìwo ìwé. Ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kà á.

Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ló ń bà á, mo rí i lójú ẹ̀. Ó ní ó dáa, òun á gbé e jáde, ṣùgbọ́n kò ní í sí àwòrán mi lára ògiri, òun ò ní í gbé e lọ sí rédíò kankan, kò ní í sí ayẹyẹ, ìgbà tí kò bá tà kí n má wá sunkún sọ́dọ̀ òun. Mo ní mo gbọ́. Mo ní nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gé èémí mi. Ó fọwọ́ dà á nù bí ẹni ń lé eṣinṣin, ó ní kí n lọ ṣe bó ṣe wù mí. Ohun tí mo sì lọ ṣe nìyẹn.

Àárọ̀ mọ́kànlá la fi gbà á sílẹ̀. Wákàtí kan ni dókítà ní, wákàtí kan la lò, Etí-Ológbò gbé aago kékeré sójú fèrèsé, tó bá ti dún, ó ń pa iná yàrá mọ́ mi lórí bí mo tilẹ̀ wà láàárín ọ̀rọ̀. Mo bọ́ bàtà, mo dúró, mo ń fọwọ́ lọ aṣọ tí kò sí níbẹ̀. Kò rọrùn o. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ohùn kan péré ò jáde, mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo sunkún, mo sì lọ sílé. Ọjọ́ keje, ó padà. Lára orin keje, ohùn mi já ní ibi tó ga jù, ó já pátápátá, ó dá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Etí-Ológbò nawọ́ sókè pé ká tún un gbà. Mo ní kó sọ ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀. Bó ṣe já yẹn ló ṣe já, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò wà.

Odídẹrẹ́ ló gberin fún mi, ohùn ara ẹ̀ ló sì fi gbè é. Ó gbà á lọ́jọ́ méjì kó tó rí ohùn náà, ó ti pẹ́ tó ti lò ó gbẹ̀yìn. Ohùn náà nípọn ju tèmi àtijọ́ lọ, ó tún dùn jù ú lọ, ẹ má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ ni mo ní kí wọ́n kọ sára páálí àwo, kì í ṣe Odídẹrẹ́. Ìgbà tó rí i, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ti gbẹ.

Ìyá tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ yọjú sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó bi Etí-Ológbò pé ta ni ìyá àgbà tó ń kọrin lọ́hùn-ún. Mo gbọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí o! Ó kù díẹ̀ kí n jáde lọ bá a jà. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ìgbálẹ̀, kò sì gbálẹ̀ mọ́ títí mo fi parí. Mo dárí jì í.

Mo mọ̀ pé wọ́n á sọ̀rọ̀. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò á ní mo ti gbó, mo ti tán, kí ni mo ń wá? Kí wọ́n sọ ọ́, ẹnu wọn ni. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, á ṣoni. Èmi ti wọ ti ọ̀gá mi fún ọdún méjì, mo sì ti bọ́ ọ. Àwo kejì mi nìyí, òun náà ni ìkẹyìn, kò sì ní í sí ìkẹta láyé yìí. Ṣé ìkẹyìn ni kí n wá fi ẹnu ẹlòmíì kọ? Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ." Tí ẹ bá fẹ́, ẹ bínú sí mi. Ẹ fi oṣù kan má kọ̀wé sí mi, mo lè fara dà á, àmọ́ kó má ju oṣù kan lọ o.

Ti yẹ̀yẹ́ tí ẹ ń bẹ̀rù ẹ̀, mo mọ̀ pé àwọn oníbàárà yín á béèrè. Wọ́n á ní, ta nìyí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ má sọ fún wọn pé ara mi ò yá. Ẹ kàn sọ pé àbúrò mi ni, kí ẹ máa bá aṣọ yín lọ.

Ẹ bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kí wọ́n máa mu omi gbígbóná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe mí ní àǹfààní kankan. Ẹ kí àkọ́bí, ẹ sọ fún un pé kò burú láti kọ iṣẹ́ tí kò bá wù ú, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ ka ìwé lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ bá mi fi ẹnu ko àbíkẹ́yìn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ kí aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín àti ọ̀rẹ́ yín tó ń ta ọṣẹ.

Mo fi àwo náà sínú àpò kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, òun la kọ́kọ́ tẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́ ọ. Ẹ má jókòó gbọ́ ọ. Ẹ fi iná sí áyọ́ọ̀nù, ẹ mú aṣọ ibùsùn kan, ẹ sì fi orin kẹwàá sí i. Orin tí ẹ máa ń kọ ní yàrá ẹ̀yìn ni, èyí tí kò lọ́rọ̀, mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ẹ máa lọ aṣọ yín bí ẹ ṣe máa ń lọ ọ́. Níbi tí ẹ bá ti gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ ó gbọ́ mi níbẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tí ohùn ẹ̀ há, tí ẹnu ẹ̀ ò sì dí,

Aláriwo.